Linux kò wọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ilé wa: ta ni ká dá lẹ́bi?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Desktop kan wà nílé wa ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí. Bàbá wa ló ni ín. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, inú ẹ̀ sì ni gbogbo lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé fún wà. Core 2 Duo ni, RAM 2GB, hard disk 160GB, Windows 7. Ó ti ń lọ́ra kọjá àfaradà. Mo wa Linux Mint Xfce, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi rọ́pò Windows, sórí flash, ó tan, mo rí ojú ẹ̀, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní kó wọ hard disk lọ, tó bá rìn dé bí ìdajì, á kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé "Errno 5, Input/output error", á sì dúró síbẹ̀. Mo ti tún un ṣe títí ó fi sú mi. Àwọn kan ní kí n lọ ra laptop tòkunbọ̀, kí n yé da ara mi láàmú. Àwọn kan ní Linux kì í ṣe fún ará ilé, kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ FUTA. Kí ni kí n ṣe? Bàbá ti ń wò mí tìfuratìfura.

* * *

Ẹ yé tún un ṣe ná. Ẹ̀rọ tó kọ irú nǹkan báyẹn lẹ́ẹ̀mejì á tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kàn ń fi ojoojúmọ́ da hard disk àgbàlagbà láàmú ni.

Ohun tí Errno 5 ń wí ò le. Ẹ̀rọ fẹ́ ka nǹkan láti ibì kan, tàbí ó fẹ́ kọ nǹkan síbì kan, ibẹ̀ ò dá a lóhùn. Flash tẹ́ ẹ ń kà á látinú ẹ̀ lè jẹ̀bi. Hard disk tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí lè jẹ̀bi. RAM náà wà láàárín àwọn méjèèjì, inú ẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń gbà kọjá. Wáyà SATA, èyí tó so hard disk mọ́ inú kọ̀ǹpútà, tó bá ti tú díẹ̀, òun náà máa ń fa irú ẹ̀. Linux fúnra ẹ̀ ni mo máa fura sí gbẹ̀yìn.

Àwọn tó ń sọ pé "ṣebí Windows ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀" kì í parọ́, ṣùgbọ́n wọn ò rò ó dópin. Windows 7 ti gbé inú hard disk yẹn pẹ́, ó dà bí ayálégbé tó ti mọ igun yàrá tó ń jò, tí kì í gbé ẹrù síbẹ̀ mọ́. NTFS, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí hard disk, máa ń sàmì sí ibi tó ti bàjẹ́, á sì máa yẹra fún un. Linux tẹ́ ẹ ń gbé wọlé báyìí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kó ọ̀pọ̀ GB jọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo àlèébù tó ti fara pamọ́ á sì yọjú lọ́jọ́ kan náà. Kí Linux tó dé ni àìsàn ti wà lára ẹ̀rọ yẹn.

Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín: ẹ má yí nǹkan méjì padà pọ̀. Ẹ yí ọ̀kan, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tó yí òmíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò ní ná yín lówó.

Kẹ́ ẹ sì tó fọwọ́ kan ohunkóhun rárá, iṣẹ́ Bàbá. Nígbà tí flash bá tan tẹ́ ẹ rí ojú Mint, ẹ ṣí àpótí fáìlì, ẹ tẹ hard disk Windows, ẹ kó gbogbo lẹ́tà wọn sórí flash mìíràn tàbí sórí fóònù. Mint máa ka NTFS láìsí wàhálà. Mo sọ èyí torí pé ojú ibi tí ẹ máa tẹ̀ kó tó wọlé, ìlà kan wà níbẹ̀ tó kà pé "Erase disk and install Linux Mint". Ohun tó kà yẹn náà ló máa ṣe.

* * *

Ọ̀rọ̀ flash, nítorí òun ló rọrùn jù.

Ẹni tó bá ń ra flash lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà tàbí ní ìdí Ọjà Ọba mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á kọ 64GB sí i lára, ẹ máa tì í bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà á pè é ní 64GB. Irọ́ ni. Ohun tó wà nínú ẹ̀ lè má ju 4GB lọ. Wọ́n ti kọ́ ìṣàkóso inú ẹ̀ láti máa purọ́. Tẹ́ ẹ bá kó orin méjì mẹ́ta sí i, ó ń dùn. Tẹ́ ẹ bá kọ kọjá ibi tó lè gbà gan-an, á gba fáìlì náà lọ́wọ́ yín, á sì dà á nù, kò ní sọ fún yín. Fáìlì Mint ń lọ sí bíi 3GB, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ máa fi dé ìdajì ọ̀nà.

Lórí Windows, ètò kan tó ń jẹ́ H2testw máa kọ nǹkan kún flash náà, á kà á padà, á sì sọ òótọ́ iye tó gbà fún yín. Lórí Linux, f3 ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ẹ lọ jẹun, nítorí kò yára.

Fáìlì tẹ́ ẹ wà jáde náà lè má pé. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já, tó ń padà, ẹ mọ̀ ọ́n. Mint máa ń gbé nọ́ńbà SHA256, èyí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ bóyá fáìlì pé, sí ojú ìwé tí wọ́n ti ń pín in. Lórí Windows 7 yẹn, ẹ ṣí cmd (ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí), ẹ tẹ certutil -hashfile, ẹ kọ orúkọ fáìlì tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá fi SHA256 parí ẹ̀. Tí nọ́ńbà tó gbé jáde bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ tún un wà jáde. Dátà máa lọ, ó dùn mí fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má lo fáìlì tí kò pé.

Ẹnì kan láti Oǹdó kọ̀wé sí mi pé òun ò yẹ SHA256 wò rí, òun sì ti fi Linux sórí kọ̀ǹpútà tó pọ̀. Ẹ ṣeun. Orí yín dára.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti kó iṣẹ́ Bàbá jáde. Mo yẹ SHA256 wò, ó bára mu. Mo yá flash tó dára lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dúró. Ìgbà tó yá, ó tún kọ 'SQUASHFS error' kún ojú ẹ̀rọ. Bàbá wá ní láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ojú kọ̀ǹpútà yẹn ti máa ń ṣàdédé di búlúù tí á sì tan ara ẹ̀ padà, àwọn rò pé iná ni."

Bàbá ti bá wa wí i. Ojú tó ń di búlúù lásán láti ọdún méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ Linux. SQUASHFS ni àpò tí Mint di gbogbo ẹrù ẹ̀ sí lórí flash. Tí flash bá dára, tí fáìlì bá pé, tó sì ń sọ pé òun ò lè tú àpò náà, RAM ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan án kó lè fa iná tó kù jáde. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kẹ́ ẹ tó kan nǹkan mìíràn. RAM lẹ máa rí bíi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró gbọn-ọn, ohun ìdìmú funfun wà lórí àti ìdí ẹ̀. Ẹ tẹ ohun ìdìmú náà síta, RAM á fò sókè díẹ̀. Ẹ wo eyín wúrà ìsàlẹ̀ ẹ̀: ní Àkúrẹ́ wa yìí, tí ọyẹ́ àti erùpẹ̀ bá ti kọjá lórí ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, á ti di ràkọ̀ràkọ̀. Rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ni kẹ́ ẹ mú, èyí tó funfun tó rọ̀, ẹ rọra fi nù ún títí á fi dán. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn èérún rọ́bà náà dànù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí ẹ máa gbọ́ "kẹ̀", lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ó máa ń yanjú ẹ̀ nígbà mìíràn, èyí tó pọ̀ ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn náà, Memtest86+. Ẹ lè gbé e sórí flash tiẹ̀. Kì í lo Windows, kì í lo Linux, òun nìkan á máa kọ, á máa kà, lórí RAM. Tó bá gbé ìlà pupa kan ṣoṣo jáde, RAM yẹn ti lọ. Ẹ má sọ pé "ọ̀kan péré ni". Kò sí pupa tó kéré nínú RAM. Tó bá jẹ́ pátákó méjì ló wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ dán èkejì wò fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ mọ èwo ló ń ṣe é.

* * *

Ní ti iná. Àwọn tó kọ̀wé sí mi ti bú iná lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé òun ló fa gbogbo ẹ̀. Tí iná bá lọ nígbà tí Linux ń wọlé lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà á kú ni. Kò ní jókòó kọ Errno 5 sójú ẹ̀rọ fún yín. Nítorí náà mi ò gbà pé iná lílọ ló fa èyí.

Ṣùgbọ́n iná tó wálẹ̀, tí gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbọ̀n, pẹ̀lú àpótí iná inú kọ̀ǹpútà tó ti gbó, èyíinì lè mú kí hard disk já kúrò nínú iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn sì lè bí Errno 5. Ẹ wo mainboard, pátákó ńlá tó gbé gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà, nígbà tí àpótí bá ṣí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kapásítọ̀ (nǹkan bí agolo kékeré tó dúró lórí ẹ̀) tí orí ẹ̀ wú, tàbí tí nǹkan bíi ìpẹ́ ti jáde lórí ẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó o pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi owó yín pamọ́.

UPS tí bátìrì inú ẹ̀ ti kú, tó kàn ń dún "pípì" lábẹ́ tábìlì, kì í ṣe UPS mọ́ o.

* * *

Àríyànjiyàn tó gbóná jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ ni èwo nínú Linux ló yẹ ẹ̀rọ báyìí. Apá kan ní Mint ti wúwo jù, kó lo antiX. Apá kan ní Debian ló dára jù. Ẹnì kan ní kó lo 32-bit, ìyẹn ẹ̀yà Linux tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ (64-bit ni ti òde òní), torí pé kọ̀ǹpútà ti dàgbà.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mi ò bá yín lọ. Core 2 Duo jẹ́ 64-bit láti ọjọ́ tí Intel ti gbé e jáde ní 2006. Ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn 32-bit sì ti ń tì: Debian 13 tó jáde ní 2025 ò ní ohun tẹ́ ẹ lè fi gbé e wọ kọ̀ǹpútà 32-bit tuntun mọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ tiẹ̀ bá jẹ́ 32-bit lóòótọ́, antiX ni kó wò.

Mint Xfce ní 2GB ni òun fẹ́, ó kéré tán, 4GB ló dáa. Ó máa tan lórí 2GB. Word máa ṣí, ìyẹn LibreOffice tó bá a wá. Ibi tí omijé ti ń bẹ̀rẹ̀ ni búráwúsà. Ẹ ṣí Facebook, ẹ ṣí YouTube lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ṣí gmail, kò sí Linux kankan lórí ilẹ̀ ayé tó máa gbà yín lórí 2GB. Ẹ lè gbé antiX tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ sórí ẹ̀, ojú ewé Facebook kan náà ló máa ṣí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó máa jà lórí orúkọ Linux, ẹ wá RAM kún un. DDR2 ló sábà máa ń wà lára irú ẹ̀rọ yẹn. Ẹ mú ti ara ẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù, ẹ má dárúkọ lẹ́nu lásán, nítorí DDR3 ò ní wọ ojú ihò DDR2.

Owó tó bá tún kù, SSD ni, ìyẹn disk tí kò ní nǹkan tó ń yí nínú. 120GB ti tó. Ojú ihò SATA ara mainboard àtijọ́ yẹn ò yára tó ti òde òní, SSD náà á sì fi hard disk yẹn sílẹ̀ jìnnà.

Ní ti ẹni tó ní kó lọ ra laptop tòkunbọ̀: mi ò bá a jà. Ẹ ṣáà béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ó lè gba Windows 11, nítorí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ laptop tí wọ́n ń kó wọlé fún wa, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń jù ú nù. Tẹ́ ẹ bá rà á tán, orí Linux kan náà lẹ máa padà sí.

* * *

Èèyàn méjì ti béèrè ohun kan náà: Linux wọlé tán, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gba àtúnṣe, ó ń sọ pé "Release file is not valid yet". Ẹ wo aago ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Ó dá mi lójú pé ọdún tó ti kọjá ló wà. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lára mainboard, CR2032 lórúkọ ẹ̀, òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yọ iná. Tó bá kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni kọ̀ǹpútà á padà sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ojú òpó ilé ìfowópamọ́ ò ní ṣí, Google á máa kìlọ̀ fún yín. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe náà lẹ ti máa rí i rà.

* * *

Ẹni tó kọ láti Alágbàká pé tòun dúdú kẹrẹkẹrẹ lẹ́yìn tí àmì Mint bá hàn, ẹ yan "compatibility mode" lójú ibi tẹ́ ẹ ti ń yàn nígbà tí flash bá tan. Tó bá wọlé tán tó tún dúdú, nígbà tí ojú GRUB, ètò tó ń ṣílẹ̀kùn fún Linux, bá yọ, ẹ tẹ e, ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, ẹ kọ nomodeset sí ìparí ẹ̀, ẹ tẹ F10. Ohun tí ń yàwòrán sójú ẹ̀rọ ló ń ṣe agídí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wi-Fi tí kò hàn ńkọ́? Ẹ má wa ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi wáyà so fóònù Android mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì ti dé. Ẹ wá ṣí Driver Manager pẹ̀lẹ́tù. Tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ Broadcom ló ṣe Wi-Fi yín, á sọ fún yín.

Àti èyí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè: kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú ẹ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan kíbọọ̀dù, ẹ wá Nigeria, ẹ máa rí Yorùbá níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kọ "ipade" láìsí àmì, kò sí àwáwí mọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè tún dé:

"RAM ni o! Méjì ló wà nínú ẹ̀, 1GB, 1GB. Ọ̀kan pupa fòò nínú Memtest, èkejì ò ṣe nǹkan kan. Mo yọ ọ̀kan tó bàjẹ́, mo ra 2GB kún èyí tó kù. Linux wọlé títí dé òpin! Àmọ́ ẹ gbà mí: tí mo bá yọ flash, kò tan, ó ní 'No bootable device'. Tí mo bá ti flash bọ̀ ọ́, ó tan, ojú Mint tuntun tí mo ṣe sì ni mò ń rí, kì í ṣe ti flash. Ẹnì kan ní kí n tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ kú oríire. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Hard disk ti gba Linux, GRUB tó ń ṣílẹ̀kùn fún un ló lọ jókòó sórí flash. Àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, tẹ́ ẹ bá tan án látorí flash, flash ni wọ́n ń pè ní sda, ìyẹn disk àkọ́kọ́, hard disk á wá di sdb, ìyẹn èkejì. Ètò tó ń gbé Linux wọlé á sì gbé GRUB lé sda láìbéèrè.

Ẹ jẹ́ kí flash wà níbẹ̀, ẹ tan án. Ẹ ṣí Terminal, ojú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí nínú Linux, ẹ tẹ lsblk. Èyí tó bá tóbi tó nǹkan bíi 149G ni hard disk yín, má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín, bí wọ́n ṣe ń ka 160GB nìyẹn. Ká ní sdb ni orúkọ ẹ̀, ẹ tẹ:

sudo grub-install /dev/sdb

kẹ́ ẹ tún tẹ:

sudo update-grub

Ẹ má fi nọ́ńbà sí ìdí sdb o, sdb lásán ni, kì í ṣe sdb1. Tó bá sọ pé "No error reported", ẹ pa á, ẹ yọ flash, ẹ tan án. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ wọ BIOS, ojú ètò kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ lè ṣí kí Linux tó tan, ẹ rí i pé hard disk ló ṣáájú nínú ètò títàn. Flash tẹ́ ẹ yá yẹn, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dá a padà fún ẹni tó ni ín, nítorí ó ń gbé GRUB yín kiri báyìí.

Kẹ́ ẹ tó da iṣẹ́ Bàbá padà sórí ẹ̀, ẹ ṣí Disks, ẹ wo SMART hard disk náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń ṣe nípa ìlera ara ẹ̀. Tí Current Pending Sector tàbí Reallocated Sector (iye ojú ibi tí a fura sí tàbí tó ti bàjẹ́) bá ti kúrò ní òdo tó sì ń lọ sókè, ẹ má kó o sórí ẹ̀ nìkan, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ síta. Tó bá jẹ́ UDMA CRC ló ń pọ̀, wáyà SATA ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.